Kóró àti Òrùka: Bí Mo Ṣe Fi Ọjọ́ Ayé Mi Tẹ̀lé Iye Ìpín ní Sáńgo-Ọ̀tà

Nígbà tí àwọn ọmọ mi wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wọn a máa bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe. Ọmọ awakọ̀ á ní awakọ̀ ni bàbá òun. Ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin á ní bàbá òun ń yọ́ irin. Tó bá kan àwọn tèmi, wọn á ní, "Bàbá wa ń tẹ kóró sórí ìwé." Olùkọ́ kan tilẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, torí ó rò pé yanrìn ni mò ń tẹ̀ fún àwọn ènìyàn bíi ti àwọn àáfà kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa tí ẹ ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, torí pé ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà yóò yàn, àwọn ọmọ yẹn kò purọ́. Mo tẹ kóró sórí ìwé láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ó fi funfun. Alihamudulilahi, iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó bọ́ aya, ó rán ọmọ níwèé, n kò sì rántí òwúrọ̀ kan tí mo jí tí kò wù mí láti lọ síbẹ̀.

Ọ̀tà ni wọ́n bí mi sí. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá wa náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìdíkátù, ló tọ́ mi dàgbà. Ó ń ta pákó ní Sáńgo, nínú ṣẹ́ẹ̀dì kan lẹ́bàá títì, lórí ilẹ̀ tó fi èrè pákó rà díẹ̀díẹ̀. Òun ló mú mi lọ sí ilé-kéú, òun náà ló mú mi lọ sí ilé-ìwé tí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí dá sílẹ̀ nínú ìlú. Nílé-kéú, Àáfà wa kì í gbà kí tàdáwà ṣàn kọjá àyè rẹ̀ lórí wàláà. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kò gbọdọ̀ ní àbàwọ́n. Bí tàdáwà bá ṣàn, o ó fọ wàláà náà, o ó sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adégbìtẹ́ wá ra pákó tí yóò fi kan pẹpẹ ìkówèésí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó rí àwọn nọ́ńbà tí mo fi ẹfun kọ sára pákó láti fi mọ gígùn wọn. Ó bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní àbúrò òun ni. Ọkùnrin náà ní, "Méje rẹ̀ kò jọ ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó wá rí mi ní ọjọ́ Ajé." Ó parí. Owó oṣù tó ń san fún mi kò tó ohun tí ènìyàn ń ròyìn, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Adégbìtẹ́ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú títì Ìdíròkò. Nísàlẹ̀ wa ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀, nítorí náà gbogbo oníbàárà wa ló máa ń gbé àmì ẹsẹ̀ dúdú gòkè wá. Iṣẹ́ wa ni láti bá àwọn ènìyàn ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kí a sì bá wọn tà á nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Ẹni tó bá ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà, bí tirẹ̀ tilẹ̀ kéré bí ẹyọ ìrẹsì nínú àpò. Èkó ni ọjà ìpín wà, ibẹ̀ ni iye ti ń jáde lójoojúmọ́. Àwa tí a wà ní Sáńgo ní láti mọ iye náà dájú, kí a sì mọ apá ibi tó ń lọ.

Kí Ọ̀gá tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan pẹ́ńsù, ó mú mi jókòó. Kìrìsìtẹ́nì ni, díákónì ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó yẹ kó gbà wọ inú ọ̀rọ̀ fún mi.

"Múfútáù, bí ẹnì kan bá ń húkọ́ ní mọ́sálásí yín, ṣé ẹ ó ní àìsàn ti wọ ìlú?"

"Rárá, sà."

"Bí ìdajì àwọn tó ń kírun bá ń húkọ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, sà."

"Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í wo ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ká ní a ti mọ bí ọjà ṣe ń lọ."

Ó wá ṣàlàyé pé wọ́n máa ń kó iye ìpín gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà pọ̀, wọn á ṣírò rẹ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìwọ̀n ọjà ni a ń pè é ní ọ́fíìsì wa. Bí ó bá ga ju ti àná lọ, ọjà lápapọ̀ gòkè nìyẹn. Bí ó bá relẹ̀, ọjà wálẹ̀, ohun yòówù kí ilé-iṣẹ́ kan máa dá ṣe. A ó tẹ ìwọ̀n ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tí wọ́n fa ìlà onígun mẹ́rin kéékèèké sí. Lẹ́yìn náà a ó ṣírò àárín ìwọ̀n ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá, a ó sì fi bírò pupa fa ìlà tirẹ̀. Òfin Ọ̀gá kò ṣòro: bí ìwọ̀n ọjà bá wà lókè ìlà pupa, má kánjú tà, bí ó bá wọ abẹ́ ìlà pupa, má kánjú rà.

Mo ní, "Ṣé a ó máa mọ ọ̀la nìyẹn, sà?"

"Ọlọ́run nìkan ló mọ ọ̀la. Ibi tí odò ń ṣàn sí ni àwa ń wò, kí a má baà tukọ̀ lódì sí i."

Ohun kejì tó kọ́ mi ni kóró àti òrùka. A tún máa ń ya ìwé fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ra ìpín rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí owó sì yí ọwọ́ padà, a ó tẹ àmì dúdú tó kún síbi iye rẹ̀. Kóró nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í rà á láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọjà á kàn tún iye àná kọ, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò gbọdọ̀ tẹ kóró. Òrùka la ó yà, kí inú rẹ̀ ṣófo.

Ọ̀gá á ní, "Kóró, ẹnì kan ti fi owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Òrùka, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, orí ìwé àlòkù ni mo ti ń kọ́ ọ. Bí kóró mi kò bá dọ́gba, Ọ̀gá á gbé ìwé náà sókè sí ojú fèrèsé, á ní, "Èyí ẹ̀wà, èyí àgbàdo. Kí lo fẹ́ sè?" N kò gbọdọ̀ mu omi nítòsí tábìlì. N kò gbọdọ̀ lo pẹ́ńsù tí ẹnu rẹ̀ ti kú. Kò sì gbà kí n gbọ́ ìròyìn ọjà lẹ́nu ẹnikẹ́ni kí n tó tẹ kóró ọjọ́ náà tán. Ó ní etí a máa ti ọwọ́.

Ọjọ́ kan wà tí ìwé ìròyìn Èkó dé, mo sì rí i pé ìpín ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan ti fò sókè ju bí mo ṣe rí i rí lọ. Mo fẹ́ tẹ kóró rẹ̀, àyè kò sí lórí ìwé. Mo wá ìwé mìíràn, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ti àkọ́kọ́, mo tẹ kóró náà sí òkè téńté. Inú mi ń dùn. Ọ̀gá wọlé.

"Múfútáù, kí ló dé tí ìwé yìí fi wé gèlè?"

"Ọṣẹ ló gòkè, sà."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Ìwé ìròyìn ni, sà."

"Mélòó?"

"Ọ̀kan, sà."

"Ẹlẹ́rìí mélòó ni ẹ fi ń so yìgì lọ́dọ̀ yín?"

"Ó kéré tán, méjì, sà."

"Ìwọ wá fi ẹlẹ́rìí kan so yìgì fún ọṣẹ."

Ó ní kí n wọ mọ́tò lọ sí Èkó, kí n fi ojú ara mi rí iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara pátákó ní ọjà ìpín. Mo lọ. Àmì tó ya náírà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́bọ̀ ló sá kúrò ní àyè rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọṣẹ wà ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá ti ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà sílẹ̀ dè mí. Ó dúró títí mo fi jẹun tán kó tó ní kí n ya gèlè náà kúrò lórí ìwé. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti ọjọ́ náà, n kò gba iye kan láìní ẹlẹ́rìí méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀tà yí padà lójú wa. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ra ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ lójú títì Ìdíròkò. Ibi tí a ti ń dẹ ọ̀kẹ́rẹ́ nígbà ọmọdé di gbọ̀ngàn tí ojú kò lè rí ìpẹ̀kun rẹ̀. Yunifásítì dé, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ lé e, àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ gba gbogbo yàrá tó ṣófo títí dé Ìjù. Gbogbo wọn ló ń kọ́lé, gbogbo wọn ló ń ra pákó. Ẹ̀gbọ́n mi ti di Àlàájà nígbà náà. Ó máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, "Múfú, àwọn onígbàgbọ́ ló rán mi lọ sí Mẹ́kà. Ọlọ́hun á san án fún wọn."

Ọ́fíìsì wa náà kún. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ á wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, pásítọ̀ á wá, olùkọ́ yunifásítì á wá. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ páálí fara ti tábìlì mi.

"Bàbá oníkóró, èwo ló máa gòkè lọ́la?"

"Ṣé wòlíì ni mí ni? Wòlíì pọ̀ lójú títì yìí, lọ bá wọn."

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ló ní kí n wá bá yín."

Ọ̀gá Adégbìtẹ́ dàgbà, ó padà sí Abẹ́òkúta lọ sinmi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fúnmilọ́lá, ló gba ọ́fíìsì náà. Mo ti máa ń fà á lọ́wọ́ sọdá títì nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí náà Bọ̀dá Múfú ló ń pè mí títí dòní, èmi sì ń pè é ní Màdáàmù níwájú oníbàárà. Ó kàwé, ó sì mọ iṣẹ́ náà dénú. Òun ló gbé kọ̀ǹpútà wọlé. Ẹ má rò pé mo bínú sí i. Kọ̀ǹpútà lè ya ìlà ọdún kan kí n tó gbẹ́ pẹ́ńsù tán! Ìṣirò ìlà pupa tí mo máa ń fi gbogbo ọjọ́ Àìkú ṣe, ó di ohun tí a ń tẹ bọ́tìnnì kan fún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó jẹ́ kí n rí i.

Ohun kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà wa kò mọ̀: kò mọ òrùka. Bí wọn kò bá ra nǹkan kan lónìí, iye àná náà ni yóò tún fà, ìlà rẹ̀ á máa lọ gbọọrọ bí ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Mo bèèrè lọ́wọ́ Fúnmilọ́lá bóyá kí n máa tẹ tọwọ́ mi lọ lórí àwọn ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá Múfú. Ó ń ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́."

Àjálù tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ tí ọjà ti ń gòkè, tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé gígòkè ni àdánidá rẹ̀, ìwọ̀n ọjà wọ abẹ́ ìlà pupa. A sọ fún àwọn oníbàárà. Díẹ̀ gbọ́, wọ́n tà. Ọ̀pọ̀ ní ẹ̀rù ló ń bà wá. Kò pẹ́, ìpín ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì kan, èyí tí gbogbo ará Sáńgo fẹ́ràn, kò lọ sókè kò lọ sódò mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà rẹ̀ dúró gbọọrọ. Inú àwọn ènìyàn dùn. "Ó ti kanlẹ̀!" ni wọ́n ń wí. "Ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò ní wálẹ̀ mọ́." Gbogbo wọn ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n owó kò jáde lápò ẹnikẹ́ni. Lára ògiri mi, òrùka ni mò ń yà lójoojúmọ́.

Àkókò náà ni ẹ̀gbọ́n mi gun àtẹ̀gùn wa wá, tó ń mí gúlegúle.

Ó jókòó, ó ní, "Múfú, orúnkún mi ti sú mi. Ìjọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́ ra ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì mi, kí wọ́n lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Wọ́n ń retí èsì mi lọ́jọ́ Àìkú yìí. Mo fẹ́ tà á, kí n fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín símẹ́ńtì, kí n máa jókòó jẹ èrè."

Ilẹ̀ yẹn ni gbogbo ohun tó ní. Òun ni oúnjẹ rẹ̀, òun ni ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù."

"Sùúrù kí ni? Símẹ́ńtì mà ni! Ta ni kì í kọ́lé? Mo ń rí tírélà rẹ̀ tó ń kọjá níwájú mi. Fúnmi sì fi ìlà rẹ̀ hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, ó dúró gbagidi."

"Ẹ wo ògiri, ẹ jọ̀ọ́."

Ó yíjú wò ó. "Òrùka, òrùka, òrùka. Ṣé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà nìyí ni?"

"Òrùka yìí túmọ̀ sí pé wọn kò rà á. Iye àtijọ́ ni wọ́n ń tún pè. Àwọn tó fẹ́ tà ti tò lẹ́sẹẹsẹ ní Èkó, wọn kò rí ẹni rà. Ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà tí wọ́n ń retí."

"Ẹ gbọ́ o! Láti kékeré lo ti lójo. Adìyẹ ló máa ń lé ọ yí àgbàlá po. Àwọn pásítọ̀ ní in, àwọn olùkọ́ ńlá ní in, ìwọ nìkan lo gbọ́n."

N kò lè bá a jà. Ẹni tó fi ẹ̀yìn pọn ni dàgbà, a kì í nàka sí i. Mo dìde lọ kírun Àsárì, mo bẹ Ọlọ́hun kó fi ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́ létí sí mi lẹ́nu. Lórí ẹní ìkírun ni mo ti rántí àṣà kan tí Ọ̀gá Adégbìtẹ́ máa ń lò nígbà tí iye kan bá ń ṣe é ní kàyéfì: a ó ta díẹ̀ wò. Iye tí ènìyàn kò bá rí tà sí, kò yẹ kó rà sí.

Mo padà wọlé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ìpín símẹ́ńtì díẹ̀ tí ẹ ti rà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ta ìwọ̀nba nínú rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń pè yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá rà á kó tó di ọjọ́ Àìkú, èmi fúnra mi ni màá bá yín kọ fọ́ọ̀mù, n kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Bí wọ́n bá rà á lónìí ńkọ́?"

"Kí ẹ pè mí ní orúkọ tó bá wù yín."

"Orúkọ náà ti wà nílẹ̀," ó fèsì.

Láti ọjọ́ kejì, ó ń wá jókòó lórí bẹ́ńṣì wa pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Fúnmilọ́lá á pe àwọn ènìyàn wa ní Èkó lórí fóònù, á wá yíjú sí i.

"Kò tíì sí ẹni tó rà á, Àlàájà."

"Ṣé o sọ fún wọn pé èmi ni mo ni ín?"

"Wọn kò mọ̀ yín ní Èkó, mà."

"Ìyẹn ló fà á."

Ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó rà. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ń dínkù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, olùkọ́ yunifásítì kan wọlé, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń kọ́ ilé sí Àtàn. Òun náà ti gbé ìpín símẹ́ńtì tirẹ̀ kalẹ̀ fún títà, kó lè fi kan òrùlé kí òjò tó dé. Fúnmilọ́lá ní kó ṣì máa dúró. Ẹ̀gbọ́n mi sún fún un lórí bẹ́ńṣì.

"Tíṣà, èló lẹ pè é?"

"Iye tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Ta ló gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Kò sí, mà. Láti oṣù tó kọjá."

Ẹ̀gbọ́n mi ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ yípo. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ní pákó ìrókò kan rí, ó dára bí ojú ọ̀run. Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀dì mi ni mo ń pe iye rẹ̀ fún, kò sì sẹ́ni tó rà á. Èmi náà kò já a wálẹ̀. Ìgbà tí n óò gbé e, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ikán ń jẹ ẹ́, iye tí mo ń pè kò yí padà." Ó wo ògiri. "Múfú, ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Èkó nìyí?"

"Ohun náà ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọjà tí wọ́n ń pè tí wọn kò rà, ìpolówó ni, kì í ṣe ọjà." Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ bá mi wá ọ̀kadà. Mo ń lọ bá àwọn pásítọ̀ yẹn kí n tó lọ sí Jímọ̀. N kò ta ilẹ̀ mọ́."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kóró àkọ́kọ́ fi dé sórí ìwé símẹ́ńtì. Ó jìnnà sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti lẹ ìwé mìíràn mọ́ ìdí èyí tó wà nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti ní ẹlẹ́rìí ju méjì lọ. N kò ní ròyìn ẹkún tí mo rí lọ́fíìsì wa ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Olùkọ́ tó ń kọ́lé sí Àtàn fi tapólì bo ilé rẹ̀ la òjò ọdún náà kọjá. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ páálí kò wá bá mi ṣẹ̀fẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fúnmilọ́lá jókòó tì mí.

"Mo rí i, Bọ̀dá Múfú. Bí ìpín tí wọ́n rà lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó wà ní ojú ewé kejì lórí kọ̀ǹpútà. Mo ń sọ fún wọn. Ta ló ń ṣí ojú ewé kejì?"

Mo ní, "Ìwọ náà gbìyànjú. Ẹni tí ojú ń kán kì í ṣí ewé."

Ó gbé e wá sí ojú ewé kìíní. Ó sì ní kí ọmọ tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà ní òrùka, kó máa yà á lọ́jọ́ tí wọn kò bá rà. Ọ̀gá gbọ́ ní Abẹ́òkúta, ó pè mí lórí fóònù.

"Báwo ni òrùka kọ̀ǹpútà náà ṣe rí?"

"Ó rí róbótó ju tèmi lọ, sà."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Àwọn ìgbà kan wà tí ìlà pupa mú wa tà, tí ọjà sì yí padà gòkè lọ́jọ́ kejì, tí àwọn oníbàárà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ìlà tó mọ ohun tó wà lọ́kàn Ọlọ́hun. Àǹfààní tí mo rí nínú iṣẹ́ náà ni pé ó kọ́ mi láti má ṣe gba iye kan gbọ́ nítorí pé ó dùn létí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, kọ̀ǹpútà á bá yín ṣe ìṣirò tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé ohun tí ẹ fi bọ́ ọ jẹ́ òtítọ́, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹni tí kò bá lè jókòó wo nǹkan tí kò yí padà fún ọ̀sẹ̀ gbọọrọ, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ pọ̀.

Ìjọ tó fẹ́ ra ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi rí ilẹ̀ mìíràn rà lápá ọ̀nà Àtàn, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn ńlá síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ra gbogbo pákó òrùlé. Pásítọ̀ wọn ní, "Àlàájà, ẹ kọ̀ láti ta ilẹ̀ fún wa, ẹ wá ń ta òrùlé fún wa." Ó ní, "Ilẹ̀ ni mo kọ̀, pásítọ̀. Ta ló kọ owó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pè é síbi ìṣílé. Mo tẹ̀ lé e lọ. A jókòó lẹ́yìn pátápátá, òun pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀, èmi pẹ̀lú fìlà mi. Ìwàásù ń lọ, ó ń wo òkè. Ó ń fi ojú bá àwọn pákó náà lọ láti ògiri dé ògiri, ó sì ń fi ìka gún mi ní ìhà.

"Gbogbo ìyẹn lókè, Múfú. Mo rà á, mo tà á, wọ́n sanwó. Ṣé o rí èyí tó tẹ̀ níbẹ̀?"

"N kò rí i, Ẹ̀gbọ́n mi."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó dà sórí páànù bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta. Pásítọ̀ wo òkè. Àwọn ìjọ náà wo òkè. Omi kò kán sílẹ̀, kò sí ẹni tó ní láti sún àga rẹ̀.